Bàbá Onírédíò àti Èdè Etí Omi

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ ilẹ̀ pe Bàbá Onírédíò pé kó wá jẹ́rìí, ó kí gbogbo ẹni tó wà nínú iyàrá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó béèrè àlàáfíà ìyàwó Alága. Ó bá akọ̀wé ṣàwàdà nípa fáànù tó ń hanrun lókè àjà. Ó tilẹ̀ yin bàtà lọ́yà ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gba ilẹ̀ wọn. Èdè ìjọba ló fi sọ gbogbo rẹ̀, ó sì dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n ní kó jókòó, kó wá sọ tẹnu ẹ̀, ló bá la ẹnu tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè etí omi.

Akọ̀wé gbé kálàmù sókè, kò rí ibi tó máa gbé e lé.

"Bàbá," ni Alága wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ èyí tó máa yé wa."

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mi orí bí ẹni tó gbọ́, ó sì ń bá èdè etí omi lọ.

"Bàbá! Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kí mi tán ni! Ẹ mà béèrè ìyàwó mi!"

Bàbá dá ọ̀rọ̀ dúró. Ó padà sí èdè ìjọba. "Ìkíni nìyẹn, Alága. Mo lè fi èdè yòówù kí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ bàbá mi lẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí, ilẹ̀ yẹn ò sì gbọ́ èdè tiyín." Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó tún padà sí tẹnu rẹ̀.

Wọ́n ṣí ìwé òfin wò. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́: ẹni tó bá wá síwájú ìgbìmọ̀ lè fi èdè abínibí rẹ̀ jẹ́rìí, kí wọ́n sì wá ògbufọ̀ fún un. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń sọ fún ẹni tó ń kọjá lọ pé "ẹ wá ká jẹun". Wọn ò retí pé ẹnìkan máa wẹ ọwọ́.

Nínú gbogbo àgbègbè náà, ẹnìkan ṣoṣo ló kù tó gbọ́ èdè etí omi dójú àmì yàtọ̀ sí Bàbá Onírédíò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́ní nítorí ẹní tó ń hun. Ó wà lẹ́yìn iyàrá náà láàárín àwọn èèyàn etí omi. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ó ti pẹ́ tí òun àti àbúrò rẹ̀ ti ń bára wọn yan odì.

Ìyá Ẹlẹ́ní tún ìborí rẹ̀ wé, ó bọ́ síwájú, kò wo àbúrò rẹ̀ lójú. Bàbá Onírédíò náà kọjú sí fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí. Ó na ọwọ́ sí ọ̀nà adágún, ó fi ìka ya nǹkan sínú afẹ́fẹ́, ó gbá àyà, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó tún gbé e sókè. Nígbà tó jókòó, òógùn ti bò ó.

"Kí ló wí?" ni Alága bi ògbufọ̀.

"Ó ní etí adágún yẹn ni wọ́n bí òun sí."

"Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn náà nìyẹn?"

"Èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀ nìyẹn."

Bàbá Onírédíò fò dìde. "Alága, irọ́ ni! Kò túmọ̀ ẹ̀ dáadáa!"

"Bàbá, èdè ìjọba lẹ tún ń sọ yẹn. Ẹ ti ní ẹ ò sọ ọ́."

Bàbá bá kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì da èdè etí omi bò ó. Ìyá Ẹlẹ́ní náà da tirẹ̀ padà. Kíá ni iyàrá náà kún fún ohùn wọn. Àwọn apẹja tó jókòó sẹ́yìn ṣí fìlà, wọ́n dákẹ́ lọ gbári, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ kí èdè yẹn ti ẹnu kan jáde kí ẹnu mìíràn sì dá a lóhùn. Omijé ti ń bọ́ lójú ẹlòmíràn. Alága wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Kí ni wọ́n ń sọ? Kí ni wọ́n ń sọ?" Ògbufọ̀ wà lẹ́nu ìjà.

Wọ́n sún ìgbẹ́jọ́ náà síwájú.

Ìjà yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá a sílẹ̀. Àwọn èèyàn etí omi ti wà níbẹ̀ kí ìlú tó dé bá wọn. Nígbà tí ilé-ìwé dé, wọ́n ń na ọmọ tó bá sọ èdè ilé ẹ̀ ní kíláàsì. Àwọn òbí wò ó pé kí ọmọ má baà jẹgba, wọ́n gbé èdè náà pamọ́, ó sì ń ká kúrò lẹ́nu wọn bí eyín àgbà, ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lọ́la. Ìyá àwọn méjèèjì yìí nìkan ló ta kú. Ọmọ tó bá fi èdè ìjọba béèrè oúnjẹ nínú ilé rẹ̀, ebi ló máa fi sùn. Ìdí nìyẹn tí Bàbá Onírédíò fi máa ń sọ pé ọ̀fun lòun fi kọ́ èdè, kì í ṣe etí.

Lẹ́yìn ikú ìyá wọn, wọ́n pín ilé náà sí méjì, ògiri kan ló là á láàárín. Ìyá Ẹlẹ́ní ń hun ẹní lọ́tùn-ún, àbúrò rẹ̀ ń tún rédíò ṣe lósì. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wọn, orúkọ tí wọ́n ń pe adágún ní kùtùkùtù nígbà tí afẹ́fẹ́ kò tíì fọwọ́ kàn án. Bàbá ní ìyá àwọn máa ń gbé ìparí rẹ̀ sókè bí ẹni tó ń bi nǹkan. Ìyá Ẹlẹ́ní ní ó máa ń gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́ ni.

"Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi," ni Bàbá wí.

"Etí wo? Ìwọ tó o máa ń sùn títí oòrùn á fi gun orí òrùlé, ìgbà wo lo rí ìdájí tí o fi gbọ́ orúkọ ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló yí dà sí odì. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni wọ́n ń rán ara wọn sí. Káfíńtà tó ń gbé lójúkojú wọn ló jìyà rẹ̀ jù. Bàbá á pè é pé, "Bá mi sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri pé òjò ń bọ̀, kó kó ẹní ẹ̀ wọlé." Káfíńtà á yí ẹnu-ọ̀nà, á dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́ní, ìyẹn á ní, "Sọ fún un pé mo lójú." Nígbà tó yá, bí káfíńtà bá fẹ́ jáde nílé, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà.

Ará àdúgbò ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ní ibi tó ti ń dunni. Bí àwọn méjèèjì ò bá sọ̀rọ̀, ta ló tún kù? Èdè odindi ìran kan wọ inú ilé kan lọ, ó jókòó sẹ́yìn ògiri, ó sì panu mọ́.

Bóyá dídákẹ́ yẹn ló ń dun Bàbá tó fi ṣe òfin rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, iyàrá tóóró kan ni tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sí títì. Òkú rédíò kún ibẹ̀ dé àjà, wáyà rọ̀ wálẹ̀ bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, òórùn òjé yíyọ́ sì máa ń pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. Bí o bá gbé rédíò wá, á tún un ṣe, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bó o bá fẹ́ gbé e lọ, èdè etí omi lo máa fi tọrọ rẹ̀. Èdè náà kò ní orúkọ fún rédíò, torí náà ohun tí Bàbá ń kọ́ ènìyàn láti sọ ni pé, "Jọ̀ọ́, fún mi ní ohun tèmi padà."

Awakọ̀ kan tó ń na ọ̀nà ọjà dé lọ́jọ́ kan, tìkánjú-tìkánjú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èrò ń dúró dè mí."

"Ẹni tó ń kánjú kì í gbé rédíò wá sọ́dọ̀ mi. Ó yá, sọ ọ́."

Awakọ̀ yí ẹnu sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó sọ ọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú.

"O mọ ohun tó o sọ? O ní kí n fún ẹ ní ìyàwó ejò padà. Kò sí lọ́dọ̀ mi, ọmọ mi. Lọ wò ó nílé ọkọ ẹ̀."

Awakọ̀ fi ìbínú lọ. Ó ń kọ́ ọ lẹ́nu bó ṣe ń wakọ̀, ó ń sọ ọ́ lálọ, ó ń sọ ọ́ lábọ̀. Nígbà tó padà dé, ó sọ ọ́ láìṣìnà, Bàbá sì gbé rédíò fún un. Ẹ̀yìn ìyẹn ni gbogbo èrò inú ọkọ̀ yọrí lójú fèrèsé tí wọ́n sì sọ ọ́ pẹ̀lú, nítorí wọ́n ti gbọ́ ọ títí ó fi di orin lẹ́nu wọn. Bàbá na ọwọ́ òfo méjèèjì sí wọn. "Ẹ̀yin wo? Ẹ̀yin ò gbé nǹkan kan fún mi o!"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé kò sí ọmọdé tàbí àgbà ládùúgbò tí kò mọ gbólóhùn yẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ òmíràn. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ ẹ̀ á fi ké. Ìyàwó tó ń bá ọkọ jà á fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, á ní kó fún òun ní ohun tòun padà, ọkọ á sì máa ronú pé kí lòun gbà. Ìyá Ẹlẹ́ní, lẹ́yìn ògiri, ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dá èdè náà lẹ́sẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò lè mú un mọ́ra, kò sì lè sọ̀rọ̀, nítorí odì. Bí oníbàárà bá ti ṣì í, igi ló fi ń gbá ògiri. Olùkọ́ méjì ló wà ní ilé-ìwé yẹn: ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, èkejì ń gbá ògiri.

Ìgbà tí ìgbẹ́jọ́ kejì pé, iyàrá náà kún dé ẹnu-ọ̀nà. Ohun tó wà níwájú wọn kì í ṣe ẹ̀rín. Ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ ya omi kúrò nínú adágún, kí wọ́n sì kọ́ ilé ìtura sí etí rẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, koríko ẹní parí, ẹja parí, ibojì àwọn baba wọn á sì di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ohun kan ṣoṣo tó lè dá a dúró ni òfin tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba ilẹ̀ ìran onílẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn fúnra wọn gbà, bí wọ́n bá ṣì ní èdè àti ìṣe tiwọn, tí wọ́n sì ń fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Lọ́yà ilé-iṣẹ́ dìde. Kò pariwo. "Alága, gbogbo wa la rí wọn níjọ́sí. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n arúgbó méjì tó ń jà kì í ṣe ìran. Ọmọ wo ni wọ́n fi èdè yìí lé lọ́wọ́?"

Bàbá Onírédíò, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n, wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ilẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí ọkùnrin náà sọ, òótọ́ díẹ̀ sì ni í máa ń dunni jù.

Alága kọjú sí àwọn èrò. "Ṣé ọ̀dọ́ kankan wà níbí tó gbọ́ èdè yìí?"

Awakọ̀ ọjọ́sí ló kọ́kọ́ dìde. Ó sọ èyí tó mọ̀. Nọ́ọ̀sì kan dìde tẹ̀ lé e, ó sọ ọ́. Aránṣọ kan dìde. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń yọjú lójú fèrèsé sọ ọ́. Káfíńtà sọ ọ́. Ká tó wí ká tó fọ̀, gbogbo ẹ̀yìn iyàrá náà ti dìde dúró, wọ́n ń fi ẹnu kan sọ ohun tí olúkúlùkù ti fi gba rédíò rẹ̀.

"Ìyá," ni Alága wí, "kí ni wọ́n wí?"

Ìyá Ẹlẹ́ní wo ojú wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin. Ohùn rẹ̀ kò sókè.

"Wọ́n ní, 'Jọ̀ọ́, fún wa ní ohun tiwa padà.'"

Bàbá Onírédíò, tó lè torí ìparí ọ̀rọ̀ kan yan odì, gbọ́ pé ó ti sọ "mi" di "wa". Ó kàn ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú.

"Kí ni wọ́n tún lè sọ?" ni lọ́yà béèrè.

Alága ti ìwé iwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Lọ́yà, kí lẹ tún fẹ́ kí wọ́n sọ?"

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà gba ojú ọ̀nà kan náà lọ sílé, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti dín, Bàbá fi èdè etí omi sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun."

Ìyá Ẹlẹ́ní kò dúró. "O ò mọ 'ẹ ṣeun' í pè," ló fi èdè kan náà dá a lóhùn. Ibẹ̀ ni odì parí sí.

Ìgbìmọ̀ náà ṣèdájọ́ pé ilé-iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan etí adágún láìjẹ́ pé àwọn onílẹ̀ gbà. Ilé-iṣẹ́ náà ti hú apá ìlà-oòrùn rẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kí ìdájọ́ tó dé, koríko ibẹ̀ kò sì hù mọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n èyí tó kù kù. Àwọn èèyàn etí omi sì tọrọ iyàrá kan nílé-ìwé, ilé-ìwé tí wọ́n ti ń na bàbá wọn nítorí èdè yẹn gan-an, wọ́n sì fi tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà ṣe olùkọ́.

Bàbá kò mọ bí wọ́n ṣe ń parí ẹ̀kọ́. Á bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹja kan ní ọ̀sán, ẹja náà á ṣì wà nínú omi nígbà tí àwọn òbí bá ti ń wá ọmọ wọn kiri. Ìyá Ẹlẹ́ní á gbóhùn sókè láti ẹ̀yìn: "Pa ẹja yẹn ká lọ sílé!" Bàbá á ní ẹja bàbá òun kì í tètè kú.

Aránṣọ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ yẹn ló gọ̀ jù nínú kíláàsì. Ohun yòówù tí wọ́n bá bi í, "Mo ti gbàgbé" ni ìdáhùn rẹ̀, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Mo-Ti-Gbàgbé. Àwọn yòókù ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n òun ni Bàbá fẹ́ràn jù. "Ẹ fi í sílẹ̀," á ní. "Ẹni tó gbàgbé, ó ti ní in rí. Ẹ̀yin dà?"

Ikọ́ ló mú Bàbá lọ, ní àkókò òjò. Nọ́ọ̀sì tó ti gba rédíò lọ́wọ́ rẹ̀ rí ló ń tọ́jú rẹ̀, ó sì ní kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbá bi í pé ṣé rédíò lòun tí wọ́n fẹ́ yí òun pa. Ìyá Ẹlẹ́ní gbé ẹní tó ń hun lọ́wọ́ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ibẹ̀ ló jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n tún gbé ìjà ọ̀rọ̀ ìdájí yẹn dé. Wọ́n jà á díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ohùn kékeré, bí ẹni tí kò fẹ́ kí iṣẹ́ tán.

Lọ́jọ́ kan Bàbá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́."

Ìyá Ẹlẹ́ní sọ ọ́, ó gbé ìparí rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Bàbá pa ojú dé. "Ó dùn létí," ló wí. "Kò tọ̀nà o. Ṣùgbọ́n ó dùn." Kò pẹ́ sígbà náà ló dákẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́ní ló ń kọ́ kíláàsì náà fúnra rẹ̀ báyìí. Ẹja rẹ̀ máa ń kú lásìkò, àwọn òbí sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n rí ohun tó ń ṣe é. Ó ń bu èdè náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń bu oúnjẹ sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu, kò sì sí ẹni tó máa sọ ọ́ fún ní tààrà, wéré, bí àgbà ṣe ń bá àgbà sọ ọ́. Nígbà mìíràn á wà nídìí ẹní, á rí nǹkan apanilẹ́rìn-ín ní títì, á yí ojú kíá bí ẹni tó fẹ́ pe ẹnìkan. Á dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Á tún fa koríko mìíràn yọ.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, ooru mú, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì sílẹ̀. Ewúrẹ́ kan rọra wọlé. Ó gba àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọjá, ó dé iwájú pátákó, ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó kọjú sí olùkọ́. Àwọn kan dìde láti lé e jáde.

Mo-Ti-Gbàgbé gbé ọwọ́ sókè. Ó ronú díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó sì fi èdè etí omi sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí ewúrẹ́ jókòó. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ni kò tíì ṣi ọ̀rọ̀ pè."

Ó ṣi "ewúrẹ́" pè nígbà tó ń sọ ọ́, ó sì kó ìparí gbólóhùn náà síwájú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní gbólóhùn náà. Bàbá kò sọ ọ́ rí, Ìyá Ẹlẹ́ní kò sọ ọ́ rí, ìyá wọn kò sọ ọ́ rí. Ọmọbìnrin náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán an.

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Ìyá Ẹlẹ́ní. Ó rín in títí tó fi jókòó, tó fi ṣí ìborí rẹ̀ fi nu ojú, tí kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí ó kúrò ní ẹ̀rín tó di ẹkún. Ewúrẹ́ náà gbé orí sókè wò ó.

"Ó yẹ kí àbúrò mi gbọ́ èyí," ni Ìyá Ẹlẹ́ní wí. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí Mo-Ti-Gbàgbé. "Tún un sọ, ọmọ mi. Má kánjú. Tún un sọ."